Kọ́kọ́rọ́ Láàbù Ṣáájú Aṣọ Ẹgbẹ́

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ gbígbá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, àwọn tó ní àwọn fẹ́ kọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì ṣùgbọ́n tí ọ̀nà kò là fún wọn. A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ló kan ẹgbẹ́ ọjà nínú èyí. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán ná.

Ẹ rántí ìpàdé gbogbogbòò tó kọjá. Wákàtí kan ààbọ̀ la fi jiyàn lórí aṣọ àjọ̀dún. Àwọn kan ní léèsì ni, àwọn kan ní áńkárá ti tó, àwọn kan ní àwọ̀ tí wọ́n mú kò bá wọn lára mu. Ibi tí ariyànjiyàn náà ti ń gbóná ni ìyá kan láti ìsọ̀ aláta ti dìde, ó ní òun kò ní lè ra èyíkéyìí nínú rẹ̀, torí ọmọ òun obìnrin tún fẹ́ ra fọ́ọ̀mù JAMB, ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tilẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìn pé kí ọmọ náà lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Ìyá náà jókòó, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìpàdé fi túká.

Ẹ̀rín yẹn kò dùn mọ́ àwa tí à ń kọ ojú ìwé yìí nínú. Lọ́jọ́ kejì a tọ ìyá náà lọ ní ìsọ̀ rẹ̀, a sì bá ọmọ náà níbẹ̀, ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣa tàtàṣé. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́. Máàkì JAMB rẹ̀ kò burú lẹ́ẹ̀mejèèjì tó ṣe é. Físíìsì ni ó há sí: D7 ló gbà nínú WAEC, bẹ́ẹ̀ C6 ni yunifásítì ní ó kéré jù. Ó tún ìdánwò náà ṣe, D7 náà ló tún jáde. A bi í pé kí ló dé gan-an. Ó ní, "Ẹ̀yin mọ́mì, ọjọ́ ìdánwò pírátíkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe yẹn, ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ń pè ní ámítà. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀."

Ni àwa mẹ́ta bá gbéra, a wọ ilé ìwé tó ti jáde lọ. A kò ní dárúkọ ilé ìwé náà, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀, àwọn tíṣà ibẹ̀ sì gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Wọ́n mú wa dé ẹnu ọ̀nà láàbù. Àgádágodo tó ti dípẹtà ló wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Wọ́n ní ọwọ́ tíṣà Kẹ́místìrì ló wà, wọ́n sì ti gbé tíṣà náà lọ sí ìlú mìíràn láti sáà tó kọjá. A yọjú lójú fèrèsé. A rí tábìlì, a rí eruku, a rí ìgò tó ti fọ́ nílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà sọ fún wa pé bùrẹ́ẹ̀tì mẹ́ta péré ló kù tí kò sán, bẹ́ẹ̀ ọmọ SS3 tó ń ṣe Kẹ́místìrì lé ní ọgọ́ta. Bí WAEC bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọn a gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọn a yá irinṣẹ́ ní ilé ìwé aládàáni kan, wọn a sì fi hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Títí di ọjọ́ náà, ojú pátákó ni ọmọ ti ń rí i. Tíṣà yóò ya ìgò, ọmọ náà yóò ya ìgò sínú ìwé.

Fún ẹni tí kò mọ bùrẹ́ẹ̀tì, ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan ni, ó ní ẹnu nísàlẹ̀ tó ṣeé ṣí tó ṣeé tì bíi ti ẹ̀rọ omi, òǹkà sì wà lára rẹ̀. Wọ́n ń fi í kán ásíìdì sínú omi mìíràn díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ omi náà yóò fi yí padà. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ló wà láàárín ìgbà tí kò tíì yí àti ìgbà tó ti yíjù. Ẹ̀yin aláró wa, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Ta ló lè fẹnu lásán kọ́ ọmọ ní bí aró ṣe ń dé ojú àmì? Ẹ̀yin tó ń se ọṣẹ dúdú, ẹ̀yin náà ń sẹ́ omi eérú, ẹ sì mọ̀ ọ́n nígbà tó bá ti kan dáadáa. Kẹ́místìrì gidi nìyẹn. Ojú àti ọwọ́ lẹ fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú pátákó.

Bí ọmọ kò bá rí yunifásítì wọ̀, JAMB la máa ń kọ́kọ́ bú. Kì í ṣe pé JAMB kò ní ẹ̀bi tirẹ̀. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò rẹ̀ ti di ti orí kọ̀ǹpútà, ọmọ tí kò sì tíì fọwọ́ kan máòsì rí yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá ibi tí yóò tẹ̀. Lọ́dún 2025 ẹ̀rọ wọn fúnra rẹ̀ ṣàṣìṣe ní ibùdó 157, ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìgbò, ọmọ bí 380,000 ni ọ̀rọ̀ náà kàn tí wọ́n ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Ọ̀gá JAMB sunkún ní gbangba lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ aláta wa yege nínú JAMB. Ọ̀nà tirẹ̀ ti dí tipẹ́ kó tó débẹ̀.

Bí ètò náà ṣe rí nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé kà nínú ìsọ̀ yín. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ní kírédíìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Mátíìsì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místìrì àti Físíìsì. Nínú JAMB, Gẹ̀ẹ́sì àti sáyẹ́ǹsì mẹ́ta yẹn náà ni yóò kọ. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà yóò fi Mátíìsì rọ́pò Bàọ́lọ́jì nínú JAMB. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ níbẹ̀, ó ti tán, àfi kí ọmọ yí iṣẹ́ padà. SS1 ni wọ́n sì ti ń yan àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, nígbà tí ọmọ wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ta ló ń bá ọmọ náà yàn án? Àwa wà lọ́jà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Físíìsì le, òun náà bá sá fún un. Tàbí kí ilé ìwé sọ pé kò sí tíṣà Físíìsì, kí wọ́n kó gbogbo wọn sí kíláàsì ọnà àti ìtàn. Ọdún mẹ́ta kọjá, ọmọ wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe. Ìlẹ̀kùn ti pa dé, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ìró rẹ̀.

Ilé ìwé mìíràn ń rí tíṣà Físíìsì nígbà tí wọ́n bá gbé àgùnbánirọ̀ wá fún wọn. Ọdún kan ni àgùnbánirọ̀ ń lò. Bí àwọn ọmọ bá ti ń gbọ́ ọ yé, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ti lọ. Àwọn ọmọ yóò tún máa retí ẹlòmíràn, bóyá yóò wá, bóyá kò ní í wá.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ tiwa náà, nítorí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọmọ obìnrin ló ń ti ilé ìwé bọ́ sí ìsọ̀, tí yóò pàtẹ, tí yóò kiri, tí yóò tún délé dáná. Aago mẹ́wàá alẹ́ ló tó ṣí ìwé, iná kò sì sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti lọ lẹ́sìnnì, ó ti dé, ó ti jẹun. Bí ọmọbìnrin yìí bá wá gba F9 nínú Mátíìsì, a ó ní ṣebí ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ta ló ń ka owó lọ́jà yìí láàárọ̀ ṣúlẹ̀? Ta ló ń fọkàn ro èrè orí àpò ìrẹsì mẹ́ta láìlo bírò? Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams, ìṣirò ni iṣẹ́ rẹ̀, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nàìjíríà, ní Benin, lọ́dún 1985. Ọmọ Èkó ni Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì tó gboyè dókítà ní Dublin lọ́dún 1938, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá tó bí wa kò tíì dáyé. Níbí ní Ìbàdàn wa, ní UI tó jẹ́ pé ọkọ̀ ọjà wa ń kọjá lẹ́nu géètì rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Fálùsì ṣe ìwádìí lórí àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde títí tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO ti ọdún 2001, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún obìnrin onísáyẹ́ǹsì káàkiri àgbáyé. Àwa ń ta oúnjẹ fún àwọn ọmọ UI lójoojúmọ́. Ẹ bá wa ka iye ọmọ wa tó wà nínú láàbù ibẹ̀. Nínú ìsọ̀ tiwa, ọwọ́ kan ti tó kà wọ́n.

Èyí tó tún burú jù ni sẹ́ńtà ìyanu. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn kan, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́. Ìyá yóò gba àjọ rẹ̀, yóò kó o fún àwọn tó ń ṣe ètò ìdánwò onírọ́, wọn a kọ ìdáhùn sójú pátákó fún ọmọ, ọmọ a gba A nínú Kẹ́místìrì. Inú ìyá a dùn, a pa adìẹ. Ọmọ dé yunifásítì, wọ́n ní kó fi pìpẹ́ẹ̀tì fa omi, kò mọ̀ ọ́n fà. Ọdún kìíní kò tíì parí tí wọ́n fi ní kó yí iṣẹ́ padà tàbí kó máa lọ sílé. Lára wa níbí a rí èyí tó ṣẹlẹ̀ sí. Owó tí ìyá kan san fún sẹ́ńtà ìyanu tó ra bùrẹ́ẹ̀tì tí ọmọ púpọ̀ yóò fi kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwa tí kì í jẹ́ kí oníbàárà fi òṣùwọ̀n èké wọn gàrí fún wa, àwa náà la wá ń ra òṣùwọ̀n èké fún ọmọ.

Àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì ni ìṣòro, pé sáyẹ́ǹsì kò ṣeé gbọ́ ní Yorùbá. Irọ́ ni. Láti ọdún 1970 ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Nítorí náà, ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè bi ọmọ rẹ̀ pé, "Kí lẹ kọ́ ní Bàọ́lọ́jì lónìí? Sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá." Bí ọmọ kò bá lè sọ ọ́, kò yé e nìyẹn, ó kàn há a sórí ni.

Ẹ tún gbọ́ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ ti ọjà gan-an. Ẹ̀yin onítòmátì, ẹ kò tíì gbàgbé ọdún 2016. Kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta wọ oko tòmátì lókè Ọya, ó jẹ ẹ́ run débi pé ìjọba Kàdúná kéde ọ̀ràn pàjáwìrì. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì gbówó lórí débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa palẹ̀ ìsọ̀ mọ́. Tiwa ni ká máa pè é ní Ebólà tòmátì, ká máa gbàdúrà. Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ló mọ orúkọ rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń kápá rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹ́wà náà ńkọ́? Àwọn kan ń da Sniper sínú ẹ̀wà nítorí kòkòrò, títí tí NAFDAC fi fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà lọ́dún 2019. Bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ti ṣe àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, kòkòrò inú rẹ̀ yóò kú láìlo májèlé kankan. Ta ni yóò kọ́ wa ní irú èyí bí kò ṣe ọmọ tiwa tó mọ ọjà tó sì mọ̀wé?

Dókítà àti ẹnjiníà nìkan là ń pè ní sáyẹ́ǹsì, àṣìṣe ńlá nìyẹn náà. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú oúnjẹ wà, ẹ̀kọ́ nípa ẹja wà, ti ilẹ̀ àti irúgbìn wà, ti kòkòrò àìfojúrí wà. Yunifásítì àgbẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta láti 1988, ti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní Àkúrẹ́ láti 1981. Bí gbogbo ọmọ bá dà sí ẹnu ọ̀nà ìmọ̀ ìṣègùn, àyè kò lè gbà wọ́n. Ìyá yóò wá máa sunkún pé ọmọ òun kò rí ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà mìíràn wà níbẹ̀ tí kò bèèrè.

A mọ èyí tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní, "Ọmọ mi parí, kò ríṣẹ́, káàdì ìpè ló ń tà." Òótọ́ ni, a kò lè bá yín jiyàn. Ẹ ó ní ìyanṣẹ́lódì ń fi ayé ọmọ ṣòfò. Òótọ́ ni: lọ́dún 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi wà nílé, oṣù mẹ́jọ gbáko. Àwa náà bá àwọn ọmọ jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ríṣẹ́ lẹ́yìn tó kàwé ń jà pẹ̀lú ohun kan lọ́wọ́. Èyí tí ìlẹ̀kùn ti pa dé mọ́ ní SS1 kò tilẹ̀ dé ojú ìjà.

Ní ti owó ilé ìwé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè nípa owó yíyá NELFUND. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n buwọ́ lu òfin rẹ̀. Kò ní èlé. Wọ́n ń san owó ilé ìwé tààrà sí àpò yunifásítì, wọ́n sì ṣètò ₦20,000 lóṣù fún ìnáwó ọmọ. Ọmọ kò ní í bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà títí yóò fi sin ilẹ̀ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, tí ọdún méjì yóò sì kọjá lé e. Gbèsè ni o, a kò ní ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ ó sàn ju owó èlé ojoojúmọ́ tí a máa ń yá lọ́jà lọ.

Ohun tí a wá ń dábàá nìyí. Kí áńkárá kan ṣoṣo jẹ́ aṣọ wa lọ́dún yìí, kí a fi léèsì sílẹ̀. Bí ẹni 200 péré nínú wa bá yọ ₦5,000 kúrò nínú owó aṣọ, ₦1,000,000 nìyẹn. A ti gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tíṣà nípa ohun tí láàbù náà ṣaláìní: bùrẹ́ẹ̀tì, pìpẹ́ẹ̀tì, ámítà, fóòtìmítà, wáyà, gíláàsì tí wọ́n ń fi wo ìmọ́lẹ̀. A kò ní í kó owó fún ẹnikẹ́ni. Àwa fúnra wa la ó lọ rà á, àwọn tó ń tà á yóò sì mọ̀ lọ́jọ́ náà pé àwọn tó mọ ọjà ná ló dé. Ohun gbogbo tí a bá rà yóò wọ inú ìwé, ọ̀gá ilé ìwé yóò buwọ́ lù ú, kọ́kọ́rọ́ yóò sì di méjì: ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Bí wọ́n bá gbé tíṣà lọ, kọ́kọ́rọ́ kò ní í bá a lọ. Tíṣà Físíìsì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ oníbàárà wa, ti gbà láti máa wá lọ́jọ́ Sátidé mẹ́jì lóṣù, owó ọkọ̀ nìkan ló béèrè.

Àwọn àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ ní iṣẹ́ ìjọba ni èyí, pé bí a bá ṣe é, ìjọba yóò káwọ́ gbera. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, a sì ti kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ nípa tíṣà Kẹ́místìrì àti ti Físíìsì. A ó tún kọ òmíràn. Ṣùgbọ́n WAEC kò ní í dúró de èsì lẹ́tà. Ọmọ tó wà ní SS2 báyìí yóò jókòó fún un lọ́dún tó ń bọ̀, yálà láàbù ṣí tàbí kò ṣí.

Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ la ó dìbò lórí rẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ léèsì síbẹ̀, kó wá sọ ọ́, ẹnu kò ní í dí i. Ẹni tó bá ní ọmọ ní JSS3, kó mú un dání, torí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì yẹn yóò wà níbẹ̀ láti bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n yàn ní SS1. Ìyá aláta yóò wá, ọmọ rẹ̀ náà yóò sì bá a wá. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́tẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín.